Kòtò ojú títì ní Chicago: ṣé 911 ni kí n pè, àbí 311?

311 ni kí ẹ pè, nọ́ńbà ìjọba ìlú fún ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pàjáwìrì. 911 wà fún ewu ojú ẹsẹ̀: jàǹbá ọkọ̀, ilé tó ń jó, olè tó ṣì wà nínú ilé. Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dá 311 sílẹ̀ lọ́dún 1996, torí pé ẹjọ́ kéékèèké ti kún orí 911. Chicago bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1999.

Ẹ sọ nọ́ńbà ilé tó sún mọ́ kòtò náà jù lọ, àti bóyá àárín títì ló wà tàbí ẹ̀gbẹ́. "Nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì" kò tó rárá, àwọn òṣìṣẹ́ lè wá a tì. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín, òun lẹ ó fi máa tọpa iṣẹ́ náà.

Omi ló ń fa kòtò: á wọ abẹ́ ọ̀dà, á dì, á wú, á tún yọ́. Táyà á wá tẹ ibẹ̀ wọlé. Nígbà òtútù, ọ̀dà tútù ni wọ́n sábà fi ń dí i, kì í sì í pẹ́ kó tó ṣí. Tó bá ṣí, ẹ tún pè, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ti òpópónà márosẹ̀ ńláńlá yàtọ̀: ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois ló ń tún un ṣe.

Àmọ́ tí ilẹ̀ bá rì, tàbí tí wáyà iná já sójú ọ̀nà, 911 ni. Ọlọ́pàá á dí ọ̀nà títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi dé. Tí iná tó ń darí ọkọ̀ bá kú pátápátá ní oríta, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ná kó tó kọjá.