Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Àkọlé Ìwé Mi Ti Wà Lórí Iṣẹ́ Ẹlòmíì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ìtàn àròsọ kan lórí ẹbí tó ń jà sí ogún nílùú Òṣogbo. “Ẹni Eji Rí” ni mo sọ ọ́. Àṣé eré orí ìtàgé kan ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, fíìmù kan sì tún wà lórí YouTube tó ń jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣé wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́? Àbí kí n tètè yí i padà? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹjọ́ kọ́ ló yẹ kó já yín láyà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kì í ṣọ́ àkọlé lásán. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ṣe sínú ìwé ló ń ṣọ́. Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, ń béèrè pé kí ènìyàn ti ṣe làálàá lórí iṣẹ́ kan débi tí iṣẹ́ náà yóò fi ní ìrísí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a gé lára “Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa” kò lè débẹ̀. Ta ló ni òwe? Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àwọn kì í gba àkọlé. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1939 ni àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí: Francis Day & Hunter, ilé iṣẹ́ tó ni orin àtijọ́ kan, gbé Twentieth Century Fox, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, lọ sílé ẹjọ́ torí pé wọ́n fi àkọlé orin náà sọ fíìmù. Ilé iṣẹ́ tó ni orin ló pàdánù.

Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Ọ̀kan ni àkọlé tó ti di àmì òwò, bí orúkọ ọ̀wọ́ ìwé tó ń jáde léraléra. Wọ́n lè forúkọ irú èyí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò l'Ábújá, lábẹ́ ìsọ̀rí 16 tó wà fún ìwé àti ohun títẹ̀. Èkejì ni kí ẹ mú àkọlé ẹni, kí ẹ tún mú àwọ̀ èèpo ìwé rẹ̀ àti irú lẹ́tà tó lò, débi tí oníbàárà yóò fi rò pé tirẹ̀ lòun ń rà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọlé mọ́, jìbìtì ni.

Ọjà gan-an ni wàhálà wà. Ní 2006, Emily Schultz, ará Kánádà, gbé ìwé kan jáde tó pè ní Joyland. Ní 2013, Stephen King náà gbé Joyland tirẹ̀ jáde, àmọ́ ti orí bébà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ tà, kò sí ti orí ẹ̀rọ. Àwọn tó wá a lórí ẹ̀rọ bá ti Schultz pàdé, wọ́n rà á láìwo orúkọ òǹkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe ti King, àwọn kan bẹnu àtẹ́ lu ìwé obìnrin náà ní gbangba. Owó wọlé fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í padà wá.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ẹni tó ń wá ìwé yín lójú. Eré orí ìtàgé àtijọ́ kò ní pa yín lára. Fíìmù ni kí ẹ fojú sí. Ẹni tó bá tẹ “Ẹni Eji Rí” sórí fóònù, fíìmù ni yóò rí lókè, ìwé yín á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí fíìmù náà bá tún dá lórí ìjà ogún, ẹ yí tiyín padà. Bó bá jẹ́ ìtàn ìfẹ́, tí kò sì gbajúmọ̀, ẹ lè dúró lé e. Àkọlé ìwé tí WAEC tàbí NECO bá yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ má sún mọ́ rárá: àkọlé nìkan ni òbí máa ń kọ sórí bébà lọ bá òǹtàwé, yóò sì dá tiyín padà lọ́jọ́ kejì.

Kíkọ ìlà kékeré sábẹ́ àkọlé kì í gbani. “Ẹni Eji Rí: Ìtàn Ẹbí Kan” ṣì ni “Ẹni Eji Rí” lẹ́nu òǹtàwé. Ẹ fi nǹkan inú ìtàn yín kún òwe náà: ilé tí wọ́n ń jà sí, orúkọ ìyá, àdúgbò. “Eji Pa Ilé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun” ṣòroó bá lórí iṣẹ́ ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Mo wá àkọlé mi lórí Google, n kò rí nǹkan kan. Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ó ku díẹ̀. Báwo lẹ ṣe kọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Ẹ tún yọ gbogbo àmì kúrò, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé fíìmù sórí YouTube ṣe ń kọ ọ́. Ẹ fi “sh” rọ́pò “ṣ”. Ẹ pa àwọn ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ tún tú wọn. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà pa lẹ́tà bí “ẹ́” mọ́ ju ẹyọ kan lọ: àmì ìsàlẹ̀ lè ṣáájú, ti òkè sì lè ṣáájú. Lójú wa kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan yóò ní àwọn kò rí i. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó tún àkọtọ́ ṣe ní 1974 sì ń lo “aiye”, “enia” àti “nwọn”. Bí “ayé” bá wà nínú àkọlé yín, ẹ wá “aiye” náà.

Ẹ tún wo WorldCat (àkójọ orúkọ ìwé inú àwọn ilé ìkàwé káàkiri ayé), Google Books àti Amazon. Lẹ́yìn náà, ẹ gbéra ńlẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ Yorùbá kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rí, bí àwọn eré aláwòrán inú ìwé ìròyìn Atọ́ka àti ìwé eré tí àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tẹ̀. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi orúkọ Ẹfúnṣetán sọ ìwé mi? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, Ìyálóde kì í ṣe ti ẹnì kan. Àmọ́ “Ẹfúnṣetán Aníwúrà” ti di ti eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ́kàn àwọn òǹkàwé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn ṣáájú orúkọ náà.

Ìbéèrè: Mo ti gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, kí n tó mọ̀ pé àkọlé náà wà níbòmíì. Ṣé mo lè yí i? (Òǹkàwé kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ lè yí i, àmọ́ nọ́ńbà tuntun lẹ máa gbà ní Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà, àkọlé tó bá yí padà kì í lo ISBN ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ti orí bébà sórí Amazon, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ yí àkọlé rẹ̀. Ẹ óò gbé e síbẹ̀ bí ìwé tuntun. Ẹ tún àkọlé ṣe ní iwájú èèpo, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé tó máa ń hàn lórí pẹpẹ, ní ojú ewé àkọlé àti ojú ewé tó tẹ̀ lé e tí ISBN wà, kí ẹ sì pààrọ̀ báákóòdù ẹ̀yìn. Ibi tí àwọn atẹ̀wé máa ń gbàgbé ni òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tí àkọlé ti ń sáré láti orí kìn-ín-ní dé ìparí. Ẹ ṣí PDF náà, kí ẹ wá àkọlé àtijọ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.