Òpó ń bẹ lórí òkè, ìpè kò wọlé: ìdáhùn sí àwọn lẹ́tà yín

Nẹ́tíwọ̀kì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà oṣù yìí dá lé, gúúsù Kwárà sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. A mú mẹ́ta nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn rẹ̀ náà sì gùn, nítorí òun ló kó ìbéèrè àwọn yòókù sínú.

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìlú kékeré kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin ni mo sì ń gbé. Òpó ìbánisọ̀rọ̀ kan wà lórí òkè tó kọjú sí ilé mi, mo ń rí iná pupa orí rẹ̀ lálaalẹ́. Síbẹ̀, bí ọmọ mi bá pè mí láti Ìlọrin, ohùn rẹ̀ a máa dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Kí n tó dáhùn, ó ti já. Ìyàwó mi ń ṣe POS. Ó ti fi okùn so agolo wàrà ńlá kan mọ́ ojú fèrèsé, inú rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ náà sí kó má baà já bọ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà sì di ẹ̀yìn agogo mẹ́wàá àárọ̀. Fóònù mi a máa fi ìlà mẹ́ta hàn, nígbà míì mẹ́rin. Ṣé fóònù ló ń purọ́ ni, àbí wọ́n kàn fojú di àwa ará oko?*

Bàbá wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì bá wa kí Màmá. Kí a tó dé orí òpó, ẹ gbé ẹ̀rọ POS yẹn kúrò nínú agolo lónìí. Páànù agolo ń dí ìgbì nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà bí páànù òrùlé ṣe ń dí i. Apẹ̀rẹ̀ tàbí ike lásán ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Fóònù yín kò purọ́. Ìlà tó ń fi hàn ń sọ bí òun ṣe ń gbọ́ òpó sí, kò sọ bóyá òpó ń gbọ́ òun. Agbára ńlá ni òpó fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tí fóònù kò ní ju wọ́ọ̀tì 2 lọ lórí 2G, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn ló sì máa ń ní lórí 4G, èyí tó tuntun jù ú lọ. Bí ládàánì bá fi gbohùngbohùn pe ìrun, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Bí ẹ bá dá a lóhùn láti inú yàrá yín, ṣé yóò gbọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́rin àti ìpè tó ń já ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbì tó wà ní ìsàlẹ̀, bíi ti 900 megahertz tí 2G ń lò, a máa rìn jìnnà, a sì máa gba ara ògiri kọjá ju àwọn ìgbì òkè tí 4G ń lò nígbà púpọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ìpè pàtàkì tàbí kí ẹ tẹ kóòdù báńkì, ẹ lọ sínú ètò fóònù yín kí ẹ yí i sí 2G nìkan. Kóòdù báńkì kò nílò dátà rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò lọ́ra títí ẹ ó fi dá a padà, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ yín lè jáde kúrò nínú kànga.

Ọ̀rọ̀ òpó fúnra rẹ̀ ló wá kù, òun gan-an ni àwọn ènìyàn kì í wò. Lọ́sàn-án, ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ó rí àwọn pátákó gígùn tó dúró ṣánṣán lápá òkè, àwọn ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ tún rí nǹkan roboto funfun kan tó dà bí ojú ìlù, tó sì kọjú síbì kan pàtó. Òpó mìíràn ni ó kọjú sí, bóyá lọ́nà Òkè-Onígbìn tàbí Òmù-Àrán, nítorí pé òpó tiyín kò lè dá gbé ìpè dé Ìlọrin. Ṣe ni yóò jù ú sí èkejì rẹ̀, tí ìyẹn náà yóò jù ú sí òmíràn, títí yóò fi dé ibi tí wáyà fáíbà, wáyà inú ilẹ̀ tó ń gbé ìpè àti dátà, ti gbà á. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn láìsí òkè láàrin. Bí díísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ní ìlú kejì, tiyín yóò dúró digbí, fóònù yóò máa fi ìlà hàn, ọ̀rọ̀ kan kò sì ní kọjá. Òjò ńlá pàápàá a máa fa irú ìjákulẹ̀ yìí, nítorí ìgbì tí ọ̀pọ̀ ojú ìlù yẹn ń lò kò fẹ́ràn omi.

Agogo mẹ́wàá tí ẹ dárúkọ ló mú kí n fura sí iná. Òpó tí iná ìjọba kò dé déédéé máa ń gbé ara lé jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì, bí bátìrì bá sì ti gbó, kò ní lè gbé e di òwúrọ̀. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ló ń wá tan jẹnẹrétọ̀ yín lówùúrọ̀. Nígbà tí ẹ bá jí ní ìdájí, ẹ yọjú wo iná pupa orí òpó náà. Bí ó bá ti kú, a ti sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iná mìíràn ní sólà tiwọn, tí wọ́n á máa tàn lórí òpó tó ti kú.

Ìdí tí mo fi ń da gbogbo èyí sílẹ̀ ni pé "nẹ́tíwọ̀kì wa kò dára" kò ràn ẹni tó ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ dúró sí, lẹ́tà tó wà lójú fóònù, ì báà jẹ́ E (ìyẹn 2G) tàbí 4G, àti bóyá síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣiṣẹ́ ní àkókò kan náà. Ẹ wá pe 300, nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn náà pe 622, ti àjọ NCC tó ń mójú tó wọn. Kí ẹ má sì dá a ṣe o: àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló yẹ kó kọ lẹ́tà, kí kábíyèsí fọwọ́ sí i, kí ẹ so ìwé yín mọ́ ọn.

Ní ti pé wọ́n fojú di yín, n kò ní tan yín: láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé, ibi tí èrò pọ̀ sí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń sáré lọ. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi dá àpò owó USPF sílẹ̀ fún àwọn ibi tí èrè kò fà wọ́n dé. Ìjọba Kwárà náà ti dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ri wáyà fáíbà kù sí náírà kan péré fún kìlómítà kan. Ìyẹn dára, àmọ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà dé Ìsin ni a kò tíì rí. Ẹ dárúkọ USPF nínú lẹ́tà yín.

*Ẹnì kan láti Ọ̀fà fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́tíwọ̀kì fún wa ní Òkè-Ẹ̀rọ. Ó ní tí a bá gbé e sórí òrùlé, gbogbo ìgboro ni yóò jẹ níbẹ̀. Ṣé kí a dá owó?*

Ẹ má dá a. Ẹ̀rọ tí NCC kò fọwọ́ sí kò bófin mu, ó sì lè máa pariwo sí etí òpó débi tí àwọn tó ń rí ìpè gbà tẹ́lẹ̀ kò ní rí i gbà mọ́. Bí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ dá, ẹ wo ọ̀nà méjì. Ráútà tó ní eríàlì ìta, tí a gbé sórí igi gíga tí a sì kọjú rẹ̀ sí òpó tó sún mọ́ yín, tó fún ilé kan. Èkejì ni Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì wá. Ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò nílò òpó kankan, ojú ọ̀run tí igi kò bò ló ń fẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan, ó sì ń fẹ́ iná ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló lè gbé e.

*Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé òpó sórí ilẹ̀ ẹbí wa lápá Ìgbàjà. Àwọn àgbà kọ̀, wọ́n ní yóò fa àrùn. Kí ni kí a ṣe?*

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbì láti ara òpó ń ṣe àwọn ará àdúgbò ní jàǹbá. Ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, àwọn àgbà yín kò sì jẹ̀bi bí wọ́n bá kọ ìyẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á, kí ó sì kọ ibi tí ẹnu èéfín yóò kọjú sí, bí jẹnẹrétọ̀ yóò ṣe jìnnà sí ilé tó sún mọ́ ọn jù, ọdún tí àdéhùn yóò parí àti ẹni tí yóò hú òpó náà kúrò sínú rẹ̀.