Borehole mítà 95 n'Ìbàdàn, omi ò sí: ṣé ká gbẹ́ ẹ jìnnà sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìbàdàn la kọ́lé sí. A gbẹ́ borehole, wọ́n wọlẹ̀ tó mítà 95, eruku funfun ló ń tú jáde, omi ò sí. Bẹ́ẹ̀ aládùúgbò wa, fẹ́ǹsì nìkan ló là wá, mítà 40 péré ni tiẹ̀, omi ń ya gan-an. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ní ká sanwó sí i káwọn lọ sí 150. Ẹnì kan tún ní iná abẹ́ ilẹ̀ bíi ti Ìkógòsí l'Ékìtì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun, ló gbẹ omi wa. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ kan sí i. Eruku funfun yẹn ti sọ ibi tẹ́ ẹ dé fún yín: àpáta gidi ni wọ́n ń lọ̀, èyí tí ò sán rárá. Tí wọ́n bá dé 150, àpáta yẹn náà ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó burú ju ti òkè lọ torí bá a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìwúwo àpáta tó wà lókè ń tẹ ojú ibi tó bá sán pa.

Èkó ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Iyanrìn àti amọ̀ tó to léra ló wà lábẹ́ Èkó, láti ìgbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti Bùràsíìlì ti ya kúrò lára ara wọn ni odò ti ń kó wọn wá síbẹ̀, omi sì wà nínú iyanrìn yẹn bó ṣe ń wà nínú kànhìnkànhìn, ibi tó o bá gbẹ́ lo máa bá a, àfi kéèyàn ṣọ́ra fún omi iyọ̀ létí òkun. Ìbàdàn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àpáta àtijọ́ ló wà lábẹ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Abẹ́òkúta lọ sókè. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn, wọ́n fún àpáta yìí, wọ́n ká a bí ìgbà téèyàn ká aṣọ, àpáta yíyọ́ sì gòkè wá sáàárín ẹ̀, ó tutù síbẹ̀ láìyọ sójú ilẹ̀. Òun ló di àwọn òkè Ìdànrè tá à ń wò lónìí, torí òjò ti wẹ gbogbo ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ lọ.

Fífún yẹn náà ló mú kí àpáta sán. Ibi tó bá sán ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀, tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ àpáta á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀, odò á gba ibẹ̀ kọjá, àfonífojì á wà. Ibi tí àpáta bá le ló máa ń dúró bí òkè, ẹ wo Màpó. Nítorí náà ibi méjì péré ni omi wa wà: inú àpáta tó ti jẹrà lókè, àti ojú ibi tó sán nísàlẹ̀. Irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ lè má fẹ̀ ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì lọ, kó dúró ṣánṣán, kó gba ọgbà aládùúgbò yín kọjá, kó má kan tiyín rárá, tàbí kó gba igun kan lẹ́yìnkùlé yín tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Ibi téèyàn gbẹ́ ló ń fúnni lómi níbí, kì í ṣe jíjìn.

Ti iná yẹn, kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan lábẹ́ Ìkógòsí. Èyí tó ṣì ń yọná tó sún mọ́ wa jù ni Òkè Kamẹrúùnù, ó yọná ní 1999 àti 2000. Omi òjò ló ń gba ojú sísán lọ jìnnà ní Ìkógòsí, ooru ilẹ̀ á mú un, á sì gba ojú mìíràn padà sókè ní bíi dígírì 38. Ṣé ẹ rí i, àpáta tó sán náà ló tún ṣe ìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ wá ẹni tó ka jiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, kó wá ṣe sọ́fè abẹ́ ilẹ̀ fún yín. Irin mẹ́rin ló máa gún mọ́lẹ̀, á fi méjì rán iná mànàmáná wọlẹ̀, á fi méjì tó kù ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, bó bá ṣe ń sún irin jìnnà síra ló ń rí ìsàlẹ̀ sí i. Àpáta gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá, èyí tó sán tómi wà nínú ẹ̀ máa jẹ́ kó kọjá. Ẹ sọ fún un kó yẹ ju ibì kan lọ wò, pàápàá lápá fẹ́ǹsì aládùúgbò, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá amọ̀ ló rí, torí amọ̀ náà máa ń jẹ́ kí iná kọjá ṣùgbọ́n kì í tú omi sílẹ̀, ó ti tan àwa náà jẹ rí. Tẹ́ ẹ bá lè dúró, ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, omi tẹ́ ẹ bá rí nígbà yẹn ò ní tàn yín.

Ihò tẹ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ṣaláńgá tàbí kẹ́ ẹ da ìdọ̀tí sí i. Tó bá kan ojú sísán kékeré kan báyìí, inú kànga aládùúgbò ló máa gbà jáde. Ẹ di í pa, kẹ́ ẹ fi kọnkéré bo ojú ẹ̀ kó tó di pé ọmọ kan lọ síbẹ̀.