Ẹ Bi Wá: Area 11 di Area 31

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọ́fíìsì wa ló kó kúrò ní Area 1 lọ sí Area 3, Garki níbí náà ni, lọ̀gá bá ní kí n yí àdírẹ́sì inú gbogbo fáìlì wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, fáìlì HTML tó lé ní igba. Bọ̀bọ́ kan tá a jọ wà lọ́fíìsì ní sed, àṣẹ kan tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì lórí Ubuntu, á ṣe é wéré, ó sọ ohun tí mo máa tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, lóòótọ́ kò tó ká ṣẹ́jú. Àfi bí oníbàárà wa kan ní Area 11 ṣe pè lórí fóònù pé ta ló ní Area 31 lòun wà. Mo wò ó, Area 10 náà ti di Area 30! Kí ni kí n ṣe kí ọ̀gá tó rí i?
Òǹkàwé, Garki, Abuja

Ẹ rọra, ọ̀gá ò tíì rí i. Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kò lè yàtọ̀ sí èyí:

sed -i 's/Area 1/Area 3/g' *.html

-i ní kó yí fáìlì náà fúnra ẹ̀, s yẹn ló ní kó pààrọ̀, ohun tẹ́ ẹ ń wá ló wà láàrin slash àkọ́kọ́ sí ìkejì, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ ló tẹ̀ lé e, g ìparí ní bó bá rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìlà kan kó yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wàhálà ibẹ̀ ni pé sed ò gbé Garki rí. Ó rí "Area 1" nínú Area 11, ó yí i, 1 kejì ń wò ó níran, ló bá di 31.

Ìyẹn ò le, torí kò sí Area 30 tàbí 31 ní Garki, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i, sed ló fi í síbẹ̀:

sed -i.bak 's/Area 31/Area 11/g; s/Area 30/Area 10/g' *.html

.bak yẹn á tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn án. (Ẹ bá mi bi bọ̀bọ́ yẹn pé kí ló dé tó kọ́ yín ní -i lásán láìsọ pé kò ní undo.) Èyí tó le gan-an ni àwọn oníbàárà tó wà ní Area 1 lóòótọ́, tẹ́ ẹ ti bá wọn kó ẹrù lọ Area 3. sed ò lè mọ Area 3 àtilẹ̀wá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kò sì sí idán kankan ńbẹ̀ o. Bí fáìlì yín bá wà nínú git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì, git diff á tú gbogbo ẹ̀ síta, bí kò bá sí níbẹ̀ ẹ béèrè bákọ́ọ̀pù lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú sáìtì yín, bí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ máa fojú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kọ́kọ́ fi hàn yín: grep -n 'Area 1' *.html. Bẹ́ ẹ bá rí Area 11 níbẹ̀, ẹ fi \b sẹ́yìn 1 báyìí, s/Area 1\b/Area 3/g, kí sed mọ̀ pé nọ́ńbà náà parí síbẹ̀. Ó tiẹ̀ sàn kẹ́ ẹ wá àdírẹ́sì yín lódindi, nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì. Tí slash bá wà nínú nọ́ńbà ilé, bíi 5/7, ẹ lo | dípò ẹ̀, s|èyí|ìyẹn|g, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan ni sed ń kà, bí Lee McMahon ṣe kọ ọ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 1973 sí 1974 nìyẹn, àdírẹ́sì tó bá ṣẹ́ sórí ìlà méjì á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó fi -i sí i rárá, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìfi í sí i, orí síkírínì nìkan ló máa kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Àbúrò mi, èmi ni mò ń kó orin ìjọ wa jọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí grep wá "ọ̀run", kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ mò ń rí i níwájú mi!
Ìyá akọrin, Kaduna

Ojú yín ò ṣìnà, mà. Ẹnì kan lè tẹ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kó wá fi ohùn lé e, ẹlòmíì á tẹ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi ohùn sí i. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú grep wọn ò bára tan. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìlà kékeré sábẹ́ ẹ̀ dípò ẹ̀kán, ìyẹn náà tún yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà yẹn di ẹ̀kán, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí uconv (inú icu-devtools ló wà) sọ gbogbo ẹ̀ di irú kan:

LC_ALL=C sed -i.bak 's/\xCC\xA9/\xCC\xA3/g' orin.txt
uconv -x any-nfc orin.txt > orin2.txt

Inú orin2 ni kẹ́ ẹ ti máa wá a, mà. Bí kò bá rí i síbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ fún grep gan-an ló yàtọ̀, ẹ ṣe kọ́pì "ọ̀run" látinú orin2 fúnra ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, Mac ni tèmi, sed -i ń sọ pé "invalid command code". Ṣé ó ṣeé lò fún fáìlì Word náà?
Òǹkàwé, Jos

sed orí Mac yàtọ̀ sí ti Ubuntu, ó ń retí orúkọ ẹ̀yìn fáìlì lẹ́yìn -i. Lo -i.bak, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, àwọn méjèèjì gbà á. \b ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, [[:>:]] ni kó o fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ní ti Word, rárá o, zip, ìyẹn àpò fáìlì tí wọ́n fún pọ̀, ni docx, sed ò lè rí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, Find and Replace inú Word fúnra ẹ̀ ni kó o lò.