Wáyà dátà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Ẹ̀gbọ́n tó ní okùn iná WS2812B òun (èyí tí dátà ń sọ àwọ̀ fún ojú iná rẹ̀ kọ̀ọ̀kan) ń ṣe dáadáa lórí tábìlì, àmọ́ tó di wèrè látìgbà tí òun ti fa wáyà mítà 12 láti ìdí ESP32, kọ̀ntírólà kékeré tó ń darí iná náà, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jù ú nù. Mo ti ju odindi róòlù méjì nù rí, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan n'Íbàdàn ni. Onílé ò fẹ́ kí ojú rí kọ̀ntírólà, mo bá gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Wáyà dátà nìkan ni mo fà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ground, ìyẹn wáyà tí iná mànàmáná ń gbà padà, gba òkè àjà lọ ní tiẹ̀, pẹ̀lú wáyà páwà. Ìyàwó ń jó wọlé, iná tí mo ní kó funfun ń pọ́n, ó ń di àwọ̀ ewé, ó ń kú, ó ń jí. Alága ìdúró bi mí ṣé bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn.

Mo pààrọ̀ okùn iná. Mo fi kapásítọ̀ ńlá sí ìdí páwà. Pàbó. Ìgbà tí mo gbé kọ̀ntírólà gun àkàbà lọ bá iná náà, tí mo fi wáyà tí kò gùn ju ìka mi lọ so wọ́n pọ̀, ni gbogbo ẹ̀ tó rọlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ojú iná kọ̀ọ̀kan ló ń tún dátà ṣe kó tó fi lé ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Torí náà, gígùn okùn iná kọ́ ni wàhálà, àárín kọ̀ntírólà sí ojú iná àkọ́kọ́ ni. Tí páwà bá jẹ́ 5V, ojú iná yẹn fẹ́ rí tó 3.5V kó tó gbà pé dátà gòkè, 3.3V sì ni ESP32 ní lọ́wọ́. Lórí wáyà kúkurú, ó máa ń gbójú fò ó. Lórí èyí tó gùn, kì í gbà.

Mo fi 74AHCT125, ṣíìpù kékeré tó ń gbé dátà 3.3V dé 5V, sí ìdí kọ̀ntírólà, mo fún un ní 5V. AHCT o, tàbí HCT. Ọlọ́jà á kó HC fún yín pé ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni, HC náà á bèèrè 3.5V. Mo fi rẹ̀síítọ̀ 100 ohm sẹ́nu ibi tí dátà ti ń jáde, torí tí dátà bá dé òpin wáyà gígùn, ó máa ń ta padà bí ohùn ẹni nínú yàrá òfìfo, á wá da èyí tó ń bọ̀ rú. Wáyà wá ńkọ́? Cat5e tí wọ́n fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì: dátà lórí aláwọ̀ búlúù, ground lórí funfun tó lọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n má pínyà títí dé ìdí iná. Mo ti fi dátà okùn méjì sórí wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra rí, ni wọ́n bá ń da ara wọn láàmú.

Tó bá ti ń lọ sí bíi mítà 30, èmi kì í bá a jà mọ́. MAX485 méjì ni, ṣíìpù tó ń gbé dátà rìn jìnnà, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, 5V fún méjèèjì. Ìyẹn gba 3.3V ESP32 bó ṣe wà.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan ṣá, ẹ̀gbọ́n, ibo ni ground yín gbà?