Ẹ dá káfíńtà yín dúró: bí wọ́n ṣe gbé àwọn tó gbọgbẹ́ nínú ogun Aṣáǹtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Eré kan là ń múra lórí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Aṣáǹtì jà ní 1874, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ghana lónìí. Irú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wo ni wọ́n fi ń kó àwọn sójà tó gbọgbẹ́? Káfíńtà wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ dá káfíńtà dúró. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ẹṣin méjì àti àgbélébùú pupa ni gbogbo ènìyàn ń rò. Ogun ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Ọ̀nà tí àwọn sójà gbà láti Cape Coast, ìlú etí òkun, dé Prasu, létí odò Pra, tó bíi máìlì 70, inú igbó kìjikìji ni. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀.

Èjìká ènìyàn ni wọ́n fi gbé wọn. Wọ́n á so aṣọ líle mọ́ ọ̀pá gígùn, hámọ́ọ̀kì nìyẹn, àwọn alárù á gbé e, àwọn mìíràn á máa tẹ̀ lé wọn láti gbà á bó bá rẹ̀ wọ́n. Àwọn Fante, ẹ̀yà tó wà létí òkun níbẹ̀, pọ̀ nínú wọn. Tipátipá ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀, obìnrin náà sì ru ẹrù. Àwọn wọ̀nyí ni eré máa ń fò dá, tí wọ́n á ní ọgbọ́n òyìnbó ló gba sójà là. Irọ́ ni! Nígbà tí àwọn alárù sá lọ, iṣẹ́ ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Àwọn sójà kan ní láti ru ẹrù fúnra wọn.

Nínú ìjà tó wáyé ní abúlé Amoafo, 31 January, bíi 200 ló gbọgbẹ́ lápá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kú kò sì pọ̀, torí ègé irin àti òjé ni ṣakabùlà àwọn Aṣáǹtì ń tú jáde. Ẹni tí kò kú ni wọ́n ń gbé. Ẹ wá ro iye èjìká tíyẹn gbà! Bí wọ́n bá dé Cape Coast, kò sí èbúté. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló ń gbé wọn la ìgbì kọjá lọ sínú Victor Emmanuel, ọkọ̀ òkun tí wọ́n sọ di ọsibítù.

Hámọ́ọ̀kì ni kí ẹ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn alárù sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nínú eré yín. Ẹ fi àpò ìrẹsì dán ọ̀pá wò kí òṣèré tó wọ̀ ọ́. Èmi kì í ṣe dókítà o, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá já bọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹ má fi hámọ́ọ̀kì gbé e lọ ibì kankan, torí ńṣe ló máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kọrọdọ. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ pe àwọn elétò ìlera.