Ìbéèrè yín lórí mọ́tò: táyà iwájú ń gbọ̀n, ó tún ń kùn

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Big Daddy 2004 ni mò ń wà, òun ni mo fi ń kó ọjà láti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mo já sí kòtò kan lálẹ́, òjò ń rọ̀, omi ti bò ó, mi ò rí i rárá, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ló kó sí i, ó dún gbàà. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti sáré dé 80, stíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tí mo bá kọjá 100 á fẹ́ rọlẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ariwo wá kún un, ó ń kùn wúùùù bí ẹ̀rọ ìlọta, bí mo ṣe ń sáré sí i ló ń le sí i. Mẹkáníìkì mi ní ṣọ́kì ni, a pààrọ̀ méjèèjì, kò lọ. Ó tún ní ṣáàfùtù ni, a ra ìyẹn náà, kò lọ. Ní báyìí ó ní ká tú rack stíárìn. Owó ọjà ni mò ń ná sí i o, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?" Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìfaradà. Nígbà tí mo kà á débi owó ọjà yẹn ó dùn mí gan-an, torí ó jọ pé mẹkáníìkì yín ò tíì yẹ mọ́tò yẹn wò, ó kàn ń ra nǹkan sí i ni. Ẹ má jẹ́ kó tú rack o, ìyẹn irin tí stíárìn fi ń yí táyà. Irú ariwo tẹ́ ẹ sọ yìí kì í ti ara rack wá, kì í ti ara ṣọ́kì wá. Ṣáàfùtù, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, tó bá ti jẹ máa ń gbọn mọ́tò lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ iná mọ́ ọn ló máa ń gbọ̀n jù, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò á dákẹ́, ẹ ò sì sọ irú ẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

Ohun tí mo rí ni pé ẹjọ́ méjì ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ ara wọn. Gbígbọ̀n yẹn lọ́tọ̀, kíkùn yẹn lọ́tọ̀. Kòtò kan náà ló ṣeé ṣe kó bí àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, èkejì fara pamọ́ lé lóṣù kan kó tó jáde. Torí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń wá nǹkan kan ṣoṣo tó máa pa méjèèjì, á máa ra pátì kiri ni.

Ẹ jẹ́ n mú gbígbọ̀n kọ́kọ́, torí òun ò le. Stíárìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní 80 tó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn 100, táyà tàbí ríìmù ni ẹ máa fura sí. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju ìkejì lọ tàbí tí ríìmù bá ti tẹ̀, ó ní iye eré kan tí jíjó táyà yẹn máa ń bá mímì iwájú mọ́tò fúnra ẹ̀ pàdé, ibẹ̀ ló ti máa ń burú, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀ wọ́n á túká. Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ báláǹsì, kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú yẹn sórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ máa wo etí ríìmù bó ṣe ń yí. Tó bá ń yọ síta tó ń wọlé, ríìmù ti tẹ̀ nìyẹn, kó má kàn máa lẹ òjé mọ́ ọn lásán. Ríìmù onírin ṣeé nà. Ti alumíníọ̀mù tó bá ti sán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o, ẹ wá òmíì. Kẹ́ ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn dáadáa, tínú tìta, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó wú bí ẹyin, okùn inú ẹ̀ ti já nìyẹn, kò ní oògùn, ẹ yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra tòkunbọ̀ dípò ẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mo ti rí táyà tí ojú ẹ̀ ṣì jin dáadáa tó jẹ́ pé ó ti gbó ju mọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi sí lọ.

Kíkùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ríìnì ni mo fura sí. Nídìí hub, irin tí wọ́n de táyà mọ́, ìlà méjì bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń yí láàárín òrùka irin, gírísì ló sì wà láàárín wọn. Nígbà tẹ́ ẹ já sí kòtò, bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn gbá ara òrùka yẹn, wọ́n fi àpá kékeré síbẹ̀, ẹ ò lè fi ojú rí i dáadáa. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gba orí àpá yẹn kọjá ló ń hó díẹ̀ díẹ̀ lára irin, títí ó fi dà bí ara pátákó ìrin gàrí. Ìdí nìyẹn tí ariwo ò fi dé lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó dán tí kò sí mọ́tò, ẹ sáré dé 60 tàbí 70, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sósì díẹ̀, kẹ́ ẹ tún rọra tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sósì, ẹrù mọ́tò á rọ́ sápá ọ̀tún, tí wúùù yẹn bá wá le sí i, tó sì rọlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná náà, ẹ gbọ́ ọ bóyá ó yí padà, tí ò bá yí padà, ẹ́ńjìnnì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, òkúta lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kẹ́ ẹ gbé e lé stáǹdì, ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ẹ di táyà mú, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń dún kò-kò, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì: tí mímì yẹn bá tán, bẹ́ríìnì ni, tó bá ṣì ń mì, ball joint, oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá ìsàlẹ̀, ni kẹ́ ẹ wò. Nígbà míì kò ní mì rárá tó sì ti bàjẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò tèmi, mẹkáníìkì méjì di táyà mú wọ́n ní bẹ́ríìnì mi le pọ́n-ún, àgbà kan ló ní kí n fi ọwọ́ di sípíríǹgì tó yí ṣọ́kì ká mú, ó wá rọra ń yí táyà. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ọwọ́ mi gbọ́ ọ, sípíríǹgì yẹn ń gbọ̀n rìrì bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, a bọ́ sí apá kejì, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láti ìgbà yẹn mi ò tíì gbàgbé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín ṣe é lójú yín.

Ohun kan tó lè tan yín jẹ ni táyà tí ojú ẹ̀ ti jẹ lápá kan tó ṣẹ́kù lápá kan, òun náà ń kùn bí bẹ́ríìnì gẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà yọ síta, kẹ́ ẹ tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ẹ̀. Tó bá ń ṣe gẹ́gẹ́gẹ́ lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ tiwájú sẹ́yìn, tí ariwo bá tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn, ẹ ti rí olè.

Tó bá jẹ́ bẹ́ríìnì lóòótọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ti Big Daddy yín, ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fi òòlù ńlá gbá a wọlé, ìgbá yẹn sì ni kòtò gbá a tó fi bàjẹ́, tuntun lè máa kùn kó tó pẹ́. Kí mẹkáníìkì yín gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ press, èyí tó ń rọra tẹ irin wọlé láìgbá a, owó ẹ̀ ò lè tó owó bẹ́ríìnì míì. Nọ́ọ̀tì ńlá ẹnu ṣáàfùtù tó tú nígbà yẹn, kó fi torque wrench, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, dè é, torí tó bá dẹ̀, bẹ́ríìnì tuntun náà á bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm ni agbára ìdè tí Toyota sọ, kó máa dè é ní ìdojúkọ-ìdojúkọ.

Bẹ́ríìnì ni kẹ́ ẹ ṣe ṣáájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ni báláǹsì. Títí dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ Ìbàdàn. Bẹ́ríìnì tó bá ti gbóná dé góńgó lè já táyà sílẹ̀ lórí eré.

"Corolla mi ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ tí mo bá yí stíárìn dé òpin láti jáde nínú kọ́ḿpáǹdì, tó bá ti nà tán kì í dún mọ́." Àbúrò kan, Abẹ́òkúta.

Orí ṣáàfùtù ni, èyí tó wà níta. Ẹ wo inú ríìmù, tẹ́ ẹ bá rí gírísì dúdú tó fọ́n ká síbẹ̀, rọ́bà tó bò ó ti ya, iyanrìn ti wọlé. Ẹni tó bá tètè rí rọ́bà tó ya kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, rọ́bà àti gírísì nìkan ló máa rà. Tiyín ti ń dún, ẹ múra orí tuntun.

"Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tí mo tẹ bíréèkì, stíárìn á máa gbọ̀n. Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan." Dírẹ́bà kan, Adó-Èkìtì.

Ọ̀gá mi, díìsìkì iwájú ni, kò nípọn dọ́gba mọ́. Wọ́n lè fá a kó dọ́gba, àmọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fá a, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIN TH sí lára ẹ̀, iye tó wà níwájú ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù lọ. Tó bá ti dé ibẹ̀, méjèèjì lẹ máa rà. Ẹ tún ní kí wọ́n wo pin káálípà, irin tí ẹ̀rọ tó ń fún díìsìkì mọ́ra fi ń rìn, bóyá ó ti há, torí tó bá há, tuntun náà á tún gbọ̀n. Títí wọ́n á fi ṣe é, jíà kékeré ni kẹ́ ẹ fi máa sọ òkè yẹn kalẹ̀.